Kọ́ọ̀sì Àkọsílẹ̀ Ìlera ní Amẹ́ríkà: Kí Ẹ Tó Ní Rárá, Kí Ẹ Tó Sanwó

   Ẹ má bínú sí ariwo tí ẹ ń gbọ́ lẹ́yìn mi, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ni. Ẹni tí dátà rẹ̀ kò bá gbé ohùn, akọ̀wé yóò kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ẹ ó kà á lọ́la.

Alhájà wa kan tó ń ta léèsì ní Jọ́ọ̀sì ló fa ọ̀rọ̀ òní. Wọ́n gbà mí láyè kí n sọ ọ́, wọ́n kàn ní kí n má dárúkọ àwọn ni. Wọ́n pè mí lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, wọ́n ní kí n gba àwọn. Ọmọ wọn obìnrin ti wà ní Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ Maryland, láti ọdún mẹ́ta. Ọkọ rẹ̀ ló mú un lọ, ó sì ti ní green card. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ń ṣe. Á gbé wọn dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, á wẹ̀ wọ́n, á pààrọ̀ aṣọ wọn. Ẹ̀yìn ti wá ń dùn ún, bẹ́ẹ̀ ọmọ kékeré wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun fẹ́ wọ iléèwé ọdún méjì, community college kan tó wà nítòsí ilé wọn, kí òun lọ kọ́ ohun tí wọ́n ń pè ní Health Information Technology. Ó ní kí ìyá òun fi owó díẹ̀ ran òun lọ́wọ́, nítorí òun máa dín wákàtí iṣẹ́ kù.

Alhájà béèrè pé kí ni wọ́n ń ṣe nínú iṣẹ́ yẹn. Ọmọ ní àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn ni. Ni Alhájà bá ní, "Ṣé kí o lè máa to fáìlì ni mo ṣe ta ṣọ́ọ̀bù kan? Nọ́ọ̀sì ni kí o lọ ṣe." Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìyá àti ọmọ ò bára wọn sọ̀rọ̀. Alhájà mọ̀ pé mo ṣe iṣẹ́ ọsibítù títí mo fi fẹ̀yìn tì, ìyẹn ni wọ́n ṣe ní kí n bá wọn fọ ọmọ náà létí. Mo ní màá sọ̀rọ̀, àmọ́ ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ mi má dùn mọ́ wọn.

Ṣé ẹ rí i, iṣẹ́ fáìlì yẹn gan-an lèmi ṣe fún ọdún 31. Yàrá káàdì. Ẹ̀yin mọ ibẹ̀ dáadáa, fèrèsé kékeré tí ẹ máa ń tò sí láàárọ̀, tí ẹni tó wà nínú rẹ̀ á máa pariwo pé "Káàdì yín dà?" Èmi nìyẹn. Ẹ máa ń bú wa, mo mọ̀. Nígbà mìíràn ẹ jàre, nígbà mìíràn ẹ ò jàre.

Nọ́ńbà tó wà lára káàdì yín, ẹ má rò pé a kàn kọ ọ́ síbẹ̀ ni. Tí nọ́ńbà bá jẹ́ 14-52-37, a kì í bẹ̀rẹ̀ láti 14. Láti ìparí la ti ń kà á. A ó lọ sí apá 37, a ó wá 52 níbẹ̀, lẹ́yìn náà la ó wá 14. Ìdí ni pé tí a bá ń tò ó láti iwájú, orí pẹpẹ kan ṣoṣo ni gbogbo fáìlì tuntun máa kó jọ sí, tí gbogbo wa á sì máa ti ara wa níbẹ̀. Tí a bá tò ó láti ẹ̀yìn, àwọn fáìlì tuntun á fọ́n káàkiri gbogbo yàrá, iṣẹ́ á yá. Àwọn tó ronú rẹ̀ gbọ́n.

Òfin kan sì wà. Tí o bá yọ fáìlì kan kúrò, o gbọ́dọ̀ fi káàdì atọ́ka sí àyè rẹ̀, kí o kọ ẹni tó gbé e àti ibi tó gbé e lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò tíì sọ níbì kankan rí. Lọ́dún kẹrin tí mo dénú iṣẹ́, dókítà kan ránṣẹ́ sí mi pé kí n tètè gbé fáìlì kan wá. Mo sáré gbé e, mi ò fi káàdì sí àyè rẹ̀. Mo ní màá dá a padà kíákíá. Mi ò dá a padà. Lóru ọjọ́ kejì, wọ́n gbé ẹni tó ni fáìlì náà dé, dírẹ́bà tírélà kan, ọmọ ilẹ̀ wa, egbò wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ibà ti mú un, kò lè sọ̀rọ̀ tó já gaara. Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ wá fáìlì títí, kò rí i, ló bá ya káàdì tuntun fún un. Nínú fáìlì àtijọ́ yẹn, íńkì pupa ni wọ́n fi kọ ọ́ sójú ìwé àkọ́kọ́ pé abẹ́rẹ́ pẹnisílínì kì í bá ara rẹ̀ mu. Inú káàdì tuntun kò ní nǹkan kan. Wọ́n gún un ní pẹnisílínì.

Kò kú. Ọrùn wú, ojú wú, èémí fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde mọ́, àwọn nọ́ọ̀sì sáré sí i, Ọlọ́run sì bá wọn ṣe é. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo rí fáìlì náà lábẹ́ àwọn ìwé mìíràn lórí tábìlì dókítà yẹn. Títí dòní mi ò mọ̀ bóyá ọkùnrin náà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá ní iṣẹ́ fáìlì kì í ṣe iṣẹ́, mi ò lè dákẹ́.

Ó dáa. Iṣẹ́ tí ọmọ Alhájà fẹ́ lọ kọ́ nìyẹn, àmọ́ ní Amẹ́ríkà, pépà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni. Ẹ jẹ́ kí n fi ọjà ṣàlàyé rẹ̀. Tí ẹ bá ra ọjà ní Ìdúmọ̀tà, tí ẹ gbé e wọ mọ́tò wá sí Jọ́ọ̀sì, wébíìlì ń bẹ. Ẹni tó kọ wébíìlì kò wa mọ́tò, kò ru báálì, kò sì mọ owó tí ẹ fẹ́ tà á. Àmọ́ tó bá kọ báálì mẹ́jọ dípò mẹ́wàá, ẹ ti wọ wàhálà nìyẹn. Tó bá kọ ṣíímù sí ibi tó yẹ kó kọ léèsì, owó ọkọ̀ á yí padà, ẹ̀yin àti dírẹ́bà á sì máa bára yín jà. Ní ọsibítù Amẹ́ríkà, dókítà ló ń tọ́jú aláìsàn, nọ́ọ̀sì ló ń dúró tì í, àwọn onítọ̀hún tó ń kọ wébíìlì rẹ̀ ni àwọn tó kọ́ Health Information Technology.

Nítorí pé owó lọ́hùn-ún, ọ̀pọ̀ ìgbà kì í ṣe aláìsàn ló ń san án tán. Ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì tàbí ìjọba ló ń san èyí tó pọ̀ jù. Àwọn yẹn kò sì ní ka gbogbo ìtàn àìsàn èèyàn. Kóòdù ni wọ́n fẹ́ rí. Àìsàn kọ̀ọ̀kan ló ní kóòdù tirẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé kiri nínú ọjà, I10 ni. Àtọ̀gbẹ irú kejì tí kò tíì ba nǹkan mìíràn jẹ́ lára, E11.9 ni. Tí àtọ̀gbẹ yẹn bá ti di egbò sí ẹsẹ̀, kóòdù yí padà, ó di E11.621, wọ́n á sì fi òmíràn tì í láti sọ ibi tí egbò wà, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni àbí ti òsì, àti bó ṣe jìn tó. Wọ́n ní kóòdù fún ẹni tí màlúù ta nípàá pàápàá, W55.22. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, àmọ́ ẹni tó bá mọ ọjà màlúù mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, nǹkan bíi 14,000 ni kóòdù àìsàn tí Amẹ́ríkà ń lò. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún yẹn ni wọ́n ṣí lọ sí ìwé tuntun, ICD-10-CM, kóòdù tó wà nínú rẹ̀ sì lé ní 68,000. Kò sí orí tó lè gba gbogbo ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń kọ́ ni bí wọ́n ṣe ń ka ohun tí dókítà kọ, ká lóye àìsàn, ká wá kóòdù tó bá a mu gẹ́lẹ́. Tí ọ̀rọ̀ dókítà bá ta kora, akọ́kóòdù kò gbọ́dọ̀ méfò. Ó gbọ́dọ̀ kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ dókítà. Tó bá fi kóòdù tó wúwo ju àìsàn lọ kó owó lè pọ̀, jìbìtì ni, ọsibítù á dé kóòtù. Tó bá fi èyí tó fúyẹ́ ju bó ti yẹ lọ, ọsibítù pàdánù owó tó jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í sọ́wọ́ ẹni tó bá ṣáà ti mọ ìwé kà.

Ẹ wá wo ohun tó wà nínú ọdún méjì yẹn. Wọ́n á kọ́ nípa ara èèyàn, egungun, ẹ̀jẹ̀, ọkàn, kíndìnrín, àti bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọ́n á kọ́ nípa bí àìsàn ṣe ń ba ara jẹ́, nípa oògùn, nípa èdè àwọn dókítà. Lẹ́yìn ìyẹn ni kóòdù àìsàn, kóòdù iṣẹ́ abẹ, kóòdù ohun tí dókítà ṣe nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Wọ́n á kọ́ ìṣirò, bí wọ́n ṣe ń ka iye àwọn tó wọlé, tó jáde, tó kú. Wọ́n á kọ́ òfin, pàápàá òfin HIPAA ti ọdún 1996, tó sọ ẹni tó lè rí àṣírí aláìsàn àti ẹni tí kò gbọ́dọ̀ rí i. Tí o bá yọjú wo fáìlì èèyàn tí iṣẹ́ rẹ kò kàn, ìbáà jẹ́ ti ọkọ rẹ, kọ̀ǹpútà á kọ orúkọ rẹ sílẹ̀ pé o wò ó, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ lórí ìyẹn. Níkẹyìn, wọ́n á rán wọn lọ síbi iṣẹ́ kí wọ́n lọ fojú rí i, ọ̀pọ̀ ìgbà láì gbowó. Kí ọmọ má fojú di ìyẹn, màá sọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Community college yìí ńkọ́? Kì í ṣe yunifásítì. Ohun tó sún mọ́ ọn níhìn-ín ni pólì tàbí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba ìpínlẹ̀. Èyí tó pẹ́ jù nínú ti ìjọba, ìpínlẹ̀ Illinois ló wà, ọdún 1901 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Fún àwọn ará àdúgbò ni wọ́n ṣe é, fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ẹni tó bímọ, ẹni tó ti pẹ́ tó ti kúrò ní girama. Ìwé ẹ̀rí ọdún méjì wọn ni wọ́n ń pè ní associate degree. Ẹni tó bá fẹ́ lè gbé e lọ sí yunifásítì lẹ́yìn náà kó fi parí dìgírì.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù nìyí o. Ẹ máa gbọ́ orúkọ méjì. Ọ̀kan ni RHIT, ìyẹn ìdánwò tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ àkọsílẹ̀ ìlera ní Amẹ́ríkà, AHIMA, ń ṣe. Ẹgbẹ́ yẹn ti wà láti ọdún 1928. Ẹni tó bá yege nínú ìdánwò náà ló lè fi RHIT sẹ́yìn orúkọ rẹ̀, òun sì ni àwọn ọsibítù ń wá. Orúkọ kejì ni CAHIIM. Àwọn ló ń yẹ kọ́ọ̀sì wò, tí wọ́n sì ń fọwọ́ sí i. Tí CAHIIM kò bá fọwọ́ sí kọ́ọ̀sì tí ọmọ ṣe, wọn ò ní jẹ́ kó jókòó ṣe RHIT. Ọdún méjì á ti lọ, owó á ti lọ, ìwé á wà lọ́wọ́ rẹ̀, ilẹ̀kùn ò sì ní ṣí. Gbogbo kọ́ọ̀sì tí wọ́n fọwọ́ sí ló wà lórí ìkànnì CAHIIM fúnra wọn, ẹnikẹ́ni lè wò ó lórí fóònù láì sanwó. Orúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì nìkan ò tó o. Orúkọ kọ́ọ̀sì yẹn gan-an ni kí ẹ wá, torí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan náà lè ní èyí tí wọ́n fọwọ́ sí àti kékeré mìíràn tó jọ ọ́ tí wọn ò fọwọ́ sí.

Nígbà mìíràn, bùrọ̀dá kan tó wà ní Houston á sọ fún yín pé, "Ah, oṣù mẹ́fà lèmi fi ṣe é." Kì í ṣe irọ́ ló ń pa. Lóṣù kejì ọdún 2009, Obama fọwọ́ sí òfin kan tó fi owó ńláńlá sílẹ̀ kí àwọn ọsibítù àti dókítà lè kúrò lórí pépà bọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Wọn ò ní òṣìṣẹ́ tó máa ṣe é. Ìjọba bá fún community college 82 lówó, kí wọ́n kọ́ àwọn èèyàn ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ètò yẹn parí ní 2013. Kò sì fún ẹnikẹ́ni ní associate degree, kò gbé ẹnikẹ́ni dé ìdánwò RHIT. Ẹni tó bá ń fi ìtàn ìgbà yẹn ṣe ìpolówó kọ́ọ̀sì oṣù mẹ́fà fún yín lónìí, ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí tó máa gbà gẹ́lẹ́.

Àwọn kọ́ọ̀sì kúkúrú kan ṣì wà tó jẹ́ ojúlówó, àwọn tó jẹ́ ti kóòdù nìkan. CPC jẹ́ ọ̀kan, ti ẹgbẹ́ mìíràn tó ń jẹ́ AAPC. Àmọ́ tí èèyàn bá yege nínú rẹ̀ láì tíì ṣiṣẹ́ rí, wọ́n á fi lẹ́tà A sídìí rẹ̀, CPC-A, tó túmọ̀ sí pé ọmọṣẹ́ ni. Ibi tí bàtà ti ń ta àwọn èèyàn lẹ́sẹ̀ nìyẹn. Ibi iṣẹ́ á ní àwọn fẹ́ ẹni tó ti ṣe é fọ́dún méjì. Níbo ni ẹni tí wọn ò gbà ti fẹ́ rí ọdún méjì? Ìdí tí mo fi ní kí ọmọ má fojú di iṣẹ́ ọ̀fẹ́ yẹn nìyí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ ni ẹnìkan ti máa lè jẹ́rìí sí i. Fún ọmọ Alhájà, ó ní àǹfààní tí àwọn mìíràn ò ní: ó ti wà nínú ilé ìtọ́jú arúgbó. Ibẹ̀ náà ní àkọsílẹ̀. Kó lọ bá ọ̀gá rẹ̀ pé òun ń kọ́ iṣẹ́ yìí, bóyá wọ́n lè máa fún òun ní wákàtí díẹ̀ nínú ọ́fíìsì.

Ọ̀rọ̀ owó wá kàn. Mo mọ̀ pé ìgbà tí etí yín dìde nìyí. Lọ́dún ẹ̀kọ́ 2023 sí 2024, nǹkan bíi $3,990 ni owó ẹ̀kọ́ ọdún kan ní community college ìjọba fún ẹni tó jẹ́ ará agbègbè, tí a bá da ti gbogbo Amẹ́ríkà pọ̀ tí a pín in. Ní Maryland tí ọmọ wa wà, iye mẹ́ta ni wọ́n ń pè: iye fún ará káúńtì ibẹ̀, iye fún ẹni tó wá láti káúńtì mìíràn, àti iye fún ẹni tó ti ìta ìpínlẹ̀ wá, èyí tó kẹ́yìn ló wọ́n jù. Nítorí náà kó máa lọ sí ti káúńtì rẹ̀, tí wọ́n bá ní kọ́ọ̀sì tí CAHIIM fọwọ́ sí.

Owó kan sì wà tí ìjọba àpapọ̀ ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tí owó tó ń wọlé fún un kò pọ̀, Pell Grant ni orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe owó yíyá. Èyí tó pọ̀ jù lọ tí wọ́n ń fúnni ní ọdún ẹ̀kọ́ 2024 sí 2025 jẹ́ $7,395. Ẹni tó ní green card lè gbà á. Wọ́n á wo owó tí ọkọ rẹ̀ ń gbà mọ́ tirẹ̀, nítorí náà mi ò lè sọ iye tí wọ́n máa fún un. Fọ́ọ̀mù tó máa kọ ń jẹ́ FAFSA, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá ní kí ó san owó kí òun tó bá a kọ ọ́, kó sá fún un. Ó ṣeé ṣe kí owó tí ọmọ nílò lọ́wọ́ ìyá má tiẹ̀ jẹ́ owó iléèwé rárá. Owó oúnjẹ àti owó ẹni tó máa bá a tọ́jú ọmọ ni.

Alhájà, ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì. Ẹ ò ṣì sọ. Ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ló ń ka owó oṣù àwọn èèyàn. Tí a bá to gbogbo oníṣẹ́ kan sórí ìlà, láti ẹni tó ń gba kékeré jù dé ẹni tó ń gba púpọ̀ jù, tí a wo ẹni tó wà láàárín gbùngbùn, ní 2023, àwọn tó ń tọ́jú arúgbó bí ọmọ yín ṣe ń ṣe gba $33,530 lọ́dún. Àwọn oníṣẹ́ àkọsílẹ̀ ìlera gba $48,780. Nọ́ọ̀sì gba $86,070. Nọ́ọ̀sì ju ìyẹn lọ fíìfíì, mi ò ní tan yín. Community college sì ń kọ́ nọ́ọ̀sì náà, ọdún méjì lẹ́yìn àwọn kọ́ọ̀sì àkọ́kọ́.

Àmọ́ ẹ rántí ohun tí ọmọ sọ fún yín kí ìbínú tó dé. Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Nọ́ọ̀sì náà ń gbé aláìsàn. Nọ́ọ̀sì kò lè jókòó sílé kọ́ iṣẹ́ rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ dé ọsibítù lákòókò tí wọ́n bá dá fún un, òru ni o, ọ̀sán ni o. Ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì àkọsílẹ̀ ìlera ló ṣeé ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí ọmọ bá ti sùn, ọ̀pọ̀ akọ́kóòdù ló sì ń ṣiṣẹ́ láti ilé. Ẹ̀yin náà tọ́mọ nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ mọ ohun tó ń sọ.

Ọgbọ́n kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi sọ fún un. Kọ́ọ̀sì nípa ara èèyàn máa ń jẹ́ oríṣi méjì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, èyí tí wọ́n ń ṣe pẹ̀lú yàrá àyẹ̀wò àti èyí tí kò ní in. Kó mú èyí tó ní yàrá àyẹ̀wò, bó tiẹ̀ le jù. Tó bá di ọ̀la tó yí ọkàn padà pé nọ́ọ̀sì lòun fẹ́, irú èyí ni kọ́ọ̀sì nọ́ọ̀sì máa ń béèrè. Kó bi kọ́lẹ́ẹ̀jì kó tó forúkọ sílẹ̀.

Mi ò gbọ́dọ̀ fi èyí pamọ́: kọ̀ǹpútà ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi kóòdù sí àìsàn. Ó ń ka ọ̀rọ̀ dókítà, ó ń dá kóòdù lábàá, èèyàn á wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí kóòdù rírọrùn nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀, ojú ọjọ́ rẹ̀ ń ṣú. Ẹni tó bá mọ òfin, tó mọ ìṣirò, tó lè yẹ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wò kó sì bá dókítà sọ̀rọ̀, òun la ṣì nílò. Ìdí mìíràn tí mo fi fẹ́ ọdún méjì ju oṣù mẹ́fà lọ nìyẹn.

Fún ẹ̀yin tó kù, ẹ̀yin tí ẹ ti ń ronú pé ẹ máa rán ọmọ láti ibí lọ kọ́ ọ, ẹ ní sùúrù. Ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀ sí ti ẹni tó ti ní green card. Físà akẹ́kọ̀ọ́ ni tiyín, F-1. Kò sí Pell Grant fún un. Iye tó wọ́n jù ni wọ́n sábà máa ń pè fún un. Ẹ máa fi owó ọdún kan hàn, owó ẹ̀kọ́ àti owó jíjẹ-mímu, kí wọ́n tó fún un ní físà. Kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ níta kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́dún àkọ́kọ́, inú kọ́lẹ́ẹ̀jì nìkan ni, kò sì gbọ́dọ̀ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ tí iléèwé bá ń lọ. Èyí tí àwọn ajẹntì kì í sọ ni pé, nínú àwọn kọ́ọ̀sì tó sọ ọ́ di akẹ́kọ̀ọ́ kíkún, ẹyọ kan péré lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n á kà fún un ní sáà kan. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì yìí, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló kù sí. Tí ajẹntì bá ní ọmọ yín á lọ ṣe Health Information Technology orí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú físà F-1, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀.

Iṣẹ́ yìí sì wà nílé. Láti ọdún 1989 ni òfin ti dá ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ àkọsílẹ̀ ìlera sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ìlera wà káàkiri, Ẹlẹ́yẹlé ní Ìbàdàn, Ìlẹ̀sẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, Ọ̀fà, Makarfi lọ́dọ̀ àwọn ará Kàdúná, Zawan nítòsí Jọ́ọ̀sì. Ibi yòówù tí ẹ bá fẹ́, ẹ bi ìgbìmọ̀ yẹn bóyá wọ́n fọwọ́ sí kọ́ọ̀sì àkọsílẹ̀ ìlera tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ìbéèrè kan náà ni pẹ̀lú ti Amẹ́ríkà. Owó iṣẹ́ rẹ̀ níhìn-ín kò pọ̀, èmi tí mo gbà á fún ọdún 31 ló ń sọ fún yín. Àmọ́ mo fi tọ́ ọmọ mẹ́rin.

Alhájà, mo ti pe ọmọ yín kí n tó gba ohùn yìí sílẹ̀. Ó sunkún díẹ̀. Kọ́ọ̀sì tó fẹ́ ṣe, èmi àti òun la jọ wò ó lórí ìkànnì CAHIIM, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ní kó mú ẹ̀rí wá pé ó parí girama. Ó ní ìwé WAEC òun wà nínú àpótí onírin tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín, pẹ̀lú àwọn fọ́tò ìgbéyàwó yín, òun kò mọ bí òun ṣe fẹ́ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ bá mi wá a. Kí ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ìdánwò yẹn kó hàn dáadáa, ẹ má jẹ́ kí iná fóònù kọ lórí rẹ̀. Òun gan-an ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí, kì í ṣe èmi.